Fífi àwòrán àti kọ̀ǹpútà díwọ̀n àlùmọ́nì inú òkúta: ìbéèrè àti ìdáhùn

Kí ni iṣẹ́ yìí gan-an?

Òkúta kì í sábà jẹ́ ohun kan ṣoṣo. Bí o bá gbé gíránáìtì sún mọ́ ojú, wàá rí i pé hóró oríṣiríṣi ló so mọ́ra wọn: quartz tó ń dán gbinrin, feldspar funfun tàbí èyí tó pọ́n rúsúrúsú, àti biotite dúdú tó ṣeé ṣí ní pelebe-pelebe. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ìdá òkúta yìí, mélòó ni quartz, mélòó ni feldspar, mélòó sì ni àwọn tó kù. A ó ya àwòrán ojú òkúta náà, kọ̀ǹpútà á pín in sí ẹ̀yà gẹ́gẹ́ bí àlùmọ́nì tó wà níbẹ̀, á wá ka iye píksẹ́lì (àwọn ojú àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) tó bọ́ sí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan.

Kíkà yẹn ló rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ibi tí wàhálà wà ni ohun tí èèyàn ti ṣe kó tó dórí kíkà: ibi tó ti gé òkúta, bó ṣe dán an, iná tó fi ya àwòrán, àti ohun tó sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó máa pè ní quartz. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ yìí kò fi dá lórí sọ́fítíwíà rárá.

Àwòrán pẹlẹbẹ ni. Báwo ló ṣe máa mọ ohun tó wà nínú òkúta?

Achille Delesse, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó jẹ́ onímọ̀ ìwakùsà, ló yanjú ọ̀rọ̀ yìí láàárín ọdún 1847 sí 1848. Ó ní bí a bá gé òkúta láìṣègbè síbì kan, ìdá tí àlùmọ́nì kan gbà lójú ibi tí a gé yóò bá ìdá tó gbà nínú odindi òkúta náà dọ́gba. Bí biotite bá gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lójú ibi tí a gé, ìdá mẹ́wàá náà ló jẹ́ nínú òkúta. Kò pọn dandan kí hóró rí roboto, kò sì pọn dandan kí gbogbo wọn tóbi bákan náà.

Delesse kò rí kọ̀ǹpútà lò. Ṣe ló ń fa ìlà hóró kọ̀ọ̀kan sórí bébà, tó ń gé wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì ń gbé wọn lé òṣùwọ̀n. Ní ọdún 1898, August Rosiwal ará Austria fi hàn pé kò yẹ kí èèyàn da ara rẹ̀ láàmú tó bẹ́ẹ̀: fa ìlà gbọọrọ lórí òkúta, kí o sì wọn gígùn ibi tí ìlà náà gba inú àlùmọ́nì kọ̀ọ̀kan kọjá. Nígbà tó di ọdún 1933, Glagolev ará Rọ́ṣíà tún dín iṣẹ́ náà kù sí kíka ojú-àmì: to àmì sórí òkúta ní ọgbọọgba, kí o sì kọ ohun tó wà lábẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ọmọ ìyá ojú-àmì Glagolev ni píksẹ́lì tí kọ̀ǹpútà ń kà lónìí.

Ṣé kí n kàn fi ojú wò ó kò tó?

Nígbà míì, ó tó. Tí o bá wà lẹ́nu iṣẹ́ níta níbi tí òkúta wà, tí o kàn fẹ́ mọ̀ bóyá dúdú inú òkúta pọ̀ tàbí kò pọ̀, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú. Ṣùgbọ́n ojú máa ń tan ni. Hóró dúdú tó fọ́n ká sórí funfun máa ń fa ojú mọ́ra, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì máa ń kà á sí púpọ̀ ju bó ti rí lọ. Èèyàn méjì tó wo òkúta kan náà lè fi ìdá mẹ́wàá jìnnà síra wọn, kálukú á sì dájú. Àwọn àwòrán àfiwé tí wọ́n ti tẹ ìdá mọ́ wà, wọ́n ń ṣèrànwọ́ gan-an. Àmọ́ tí nọ́ńbà bá máa wọ inú ìwé ìwádìí, ó yẹ kí ó ní ọ̀nà tí ẹlòmíràn lè gbà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣé fóònù mi lè ṣe iṣẹ́ yìí, àbí ó di dandan kí n ní maikirosíkóòpù?

Bí hóró inú òkúta náà ṣe tóbi tó ni yóò dá ọ lóhùn. Bí hóró bá tó mílímítà méjì sókè, fóònù ṣe é, ṣùgbọ́n sìkánà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń da bébà kọ ló dára jù lọ. Iná rẹ̀ tàn dọ́gba láti igun dé igun, kì í jẹ́ kí etí àwòrán tẹ̀, o sì mọ bí píksẹ́lì kan ṣe tóbi tó láìṣírò púpọ̀. Ní 1200 dpi (ìyẹn iye píksẹ́lì nínú íǹṣì kan), píksẹ́lì kan jẹ́ nǹkan bíi 0.021 mílímítà, ní 2400 dpi, ó jẹ́ ìdajì ìyẹn. Tẹ́ ike tín-ín-rín tó mọ́ kedere sórí gíláàsì sìkánà kí òkúta má baà ha á.

Tó bá jẹ́ fóònù lo ní, gbé e sókè gbọnrangandan sórí òkúta, má jẹ́ kó dagun. Pa gbogbo ohun tó ń ṣe àwòrán lóge, títí kan HDR. Má tan fíláṣì. Fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ òkúta kó wọ inú àwòrán, kí o sì fi káàdì aláwọ̀ eérú sí i bí o bá ní in, kí àwọ̀ má baà yí padà láti àwòrán kan sí èkejì. Tọ́jú rẹ̀ ní TIFF tàbí PNG. JPEG máa ń pa àwọ̀ etí hóró pọ̀ mọ́ra, etí hóró yẹn gan-an sì ni a nílò.

Nípa etí: ká ní hóró kan fẹ̀ tó píksẹ́lì mẹ́wàá lóròó àti níbùú. Nínú ọgọ́rùn-ún píksẹ́lì rẹ̀, mẹ́rìndínlógójì ló wà létí, ìyẹn ni pé ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ tó lè ní àwọ̀ àlùmọ́nì méjì papọ̀. Bí hóró náà bá fẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún píksẹ́lì, èyí tó wà létí kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nítorí náà, kí o tó ya ohunkóhun, ka iye píksẹ́lì tó wà níbùú hóró tó kéré jù tí o fẹ́ kà. Bí kò bá tó mẹ́wàá, sún mọ́ ọn, tàbí kí o gba maikirosíkóòpù lọ.

Báwo ni kí n ṣe múra òkúta náà sílẹ̀?

Gé e. Ojú òkúta tí òjò àti oòrùn ti jẹ kò wúlò fún iṣẹ́ yìí: ìpẹtà ti kun biotite, feldspar ti di ẹfun, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè tún un ṣe. Ojú tí o fọ́ pẹ̀lú òòlù náà kò dára, torí pé òkúta máa ń fẹ́ là níbi tí biotite bá tò sí, dúdú á wá pọ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Lẹ́yìn tí o bá fi ayùn òkúta gé e, fi ìyẹ̀fun líle tí wọ́n fi ń ha òkúta ha ojú rẹ̀ títí ìlà ayùn á fi parẹ́. Kò di dandan kó máa kọ mọ̀nà. Ní tèmi, mo fẹ́ràn ojú tí a ha dáadáa tí a wá fi omi rin, ju ojú tó ń dán gbinrin lọ, torí iná máa ń ta padà lójú tó dán, á sì ya funfun sí ibi tí kò sí àlùmọ́nì funfun. Omi máa ń jẹ́ kí àwọ̀ jáde kedere. Àwọn kan máa ń fi òróró pa á. Má ṣe bẹ́ẹ̀ bí o bá máa fi àwọ̀ rẹ ẹ́ lẹ́yìn náà, torí òróró á wọ inú rẹ̀, àwọ̀ kò sì ní mú un dáadáa.

Feldspar oríṣi méjì ló wà nínú òkúta mi, funfun ni méjèèjì, quartz náà sì jọ wọ́n. Kí ni mo lè ṣe?

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń dójú ti ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kò mọ àlùmọ́nì, àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ nìkan ló mọ̀. Bí ohun méjì bá ní àwọ̀ kan náà, kò sí sọ́fítíwíà tó máa fi ìmọ́lẹ̀ nìkan yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, ṣe ni kí o fún wọn ní àwọ̀ tó yàtọ̀.

Ọ̀nà tó ti pẹ́ ni pé kí wọ́n fi ásíìdì hydrofluoric jẹ ojú òkúta náà díẹ̀, kí wọ́n wá rì í sínú omi sodium cobaltinitrite. Feldspar tó ní pòtásíọ̀mù á di àwọ̀ ìyeyè. Bí wọ́n bá tún fi barium chloride àti potassium rhodizonate tẹ̀ lé e, plagioclase, ìyẹn feldspar kejì tó ní sódíọ̀mù àti kálísíọ̀mù, á pọ́n. Quartz kì í gba èyíkéyìí nínú wọn. Àwòrán tí kò ṣeé pín láàárọ̀ á wá di ohun tí ọmọdé lè pín.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o tẹ́tí sí mi dáadáa lórí ásíìdì yìí. Hydrofluoric kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ásíìdì yòókù. Ó lè má ta èèyàn lára lójú ẹsẹ̀, kó sì ti wọ inú ẹran ara lọ dé egungun, kó máa fa kálísíọ̀mù inú ara mu, ìyẹn sì lè dá ọkàn dúró. Ilé ìwádìí tó ní ẹ̀rọ tó ń fa èéfín síta, ìbọ̀wọ́ tó yẹ, òògùn calcium gluconate nítòsí, àti ẹni tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ náà nìkan ló gbọ́dọ̀ lò ó. Bí o kò bá ní wọn, gbé òkúta rẹ lọ fún àwọn tó ní in, tàbí kí o kọ “quartz àti plagioclase papọ̀” sínú àbájáde rẹ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ti òkúta ẹfun kò le tó bẹ́ẹ̀: alizarin red S nínú ásíìdì hydrochloric tí wọ́n là dáadáa máa ń sọ calcite di pupa, á sì fi dolomite sílẹ̀ bó ṣe wà.

Sọ́fítíwíà wo ni kí n lò?

ImageJ, tàbí Fiji tó jẹ́ ImageJ kan náà pẹ̀lú àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n ti kó sínú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Wayne Rasband ló kọ ọ́ ní ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, NIH, fún àwọn tó ń wo sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n píksẹ́lì ni píksẹ́lì. JMicroVision wà fún àwọn tó fẹ́ èyí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú òkúta lọ́kàn, ó sì dára gan-an fún kíka ojú-àmì lórí àwòrán. Ọ̀fẹ́ ni ilastik náà, èyí tó ń kọ́ láti ara hóró tí o bá fi hàn án. Má jẹ́ kí yíyan sọ́fítíwíà gba ọjọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ẹ fi àpẹẹrẹ kan hàn mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ká ní pẹlẹbẹ gíránáìtì kan ló wà lọ́wọ́ wa, sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lóròó, mẹ́wàá níbùú, hóró rẹ̀ tó mílímítà márùn-ún. A fi sìkánà yà á ní 1200 dpi. Àwòrán náà á ní 4,724 píksẹ́lì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù méjìlélógún.

Ṣí i nínú ImageJ. Gé etí rẹ̀ kúrò, torí ibẹ̀ ni ayùn ti máa ń fọ́ hóró. Lo irinṣẹ́ Median pẹ̀lú rédíọ́ọ̀sì 2 kí àwọn èérún píksẹ́lì tó dá wà lè parẹ́. Bí o bá lo èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀, hóró kéékèèké á bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Lẹ́yìn náà, yí àwòrán náà padà sí Lab. Èyí máa ń fún ọ ní àwòrán mẹ́ta: L sọ bí ibi kọ̀ọ̀kan ṣe mọ́lẹ̀ tó, a sọ bó ṣe pọ́n tàbí bó ṣe jẹ́ àwọ̀ ewé, b sọ bó ṣe jẹ́ àwọ̀ ìyeyè tàbí búlúù.

Wá wo àwòrán L. Nínú àtẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, wàá rí òkè kékeré kan ní apá òsì, níbi tó ṣókùnkùn, àti òkè ńlá kan ní apá ọ̀tún. Biotite ni òkè kékeré yẹn. Ṣí Threshold, irinṣẹ́ tí a fi ń yan ààlà ìmọ́lẹ̀, fa ààlà náà wá sí àfonífojì tó wà láàárín òkè méjèèjì, ibi tí o yàn á sì pọ́n lójú àwòrán. Má tíì tẹ ohunkóhun. Sún mọ́ àwòrán náà, wo hóró bíi mélòó kan: ṣé pupa náà dé etí biotite, àbí ó ti ń yọ́ wọ inú quartz? Quartz máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà, bí biotite bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó lè ṣókùnkùn díẹ̀, kí kọ̀ǹpútà sì pè é ní biotite. Bó o bá rí irú rẹ̀, dín ààlà náà kù. Nígbà tó bá tẹ́ ọ lọ́rùn, ka Area fraction, ìyẹn ìdá tí ibi tí o yàn gbà nínú àwòrán. Ká ní ó jẹ́ 9%.

Lọ sórí àwòrán a, kí o ṣe bákan náà fún feldspar tó pọ́n rúsúrúsú, èyí tó ní pòtásíọ̀mù. Ká ní ó jẹ́ 38%. Ohun tó kù jẹ́ 53%, quartz àti plagioclase ló sì wà nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì wọnú ara wọn lórí L, kò sí àfonífojì láàárín wọn. Níbí, má ṣe fi ipá yà wọ́n. Rẹ pẹlẹbẹ náà, tún un yà, ká sì ní quartz wá jẹ́ 27%, plagioclase 26%.

Nígbà tí mo tún un ṣe, nọ́ńbà mi yí padà. Kí ló fà á?

Ọwọ́ rẹ ló fà á, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú. Ààlà tí o fi ojú yàn lánàá kọ́ lo yàn lónìí. Jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yàn án pẹ̀lú ìlànà kan tó dúró sójú kan. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù ni ti Nobuyuki Otsu ará Japan, tó gbé e jáde ní ọdún 1979: ó máa ń wá ààlà tó jẹ́ kí ẹ̀yà méjèèjì jìnnà síra wọn jù lọ. Ó dára bí ẹ̀yà méjèèjì bá pọ̀ dáadáa. Bí àlùmọ́nì tí ò ń wá kò bá ju ìdá méjì tàbí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ, Otsu sábà máa ń ṣìnà, á gé òkè ńlá sí méjì, kò ní ka òkè kékeré náà sí.

Yálà ìwọ lo yàn án ni o tàbí Otsu, sún ààlà náà síwájú díẹ̀, sún un sẹ́yìn díẹ̀, kí o sì kọ bí ìdáhùn ṣe yí padà sílẹ̀. Bí biotite bá ń lọ láti 8% sí 10%, kò burú. Bó bá ń lọ láti 5% sí 15%, àwòrán náà kò ní ìdáhùn nínú.

Ègé òkúta tín-ín-rín lábẹ́ maikirosíkóòpù ńkọ́?

Ìwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò ni 0.03 mílímítà. Ní ìwọ̀n yìí, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ọ̀pọ̀ àlùmọ́nì kọjá, a sì lè fi polarizer (ohun tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń mì síhà kan ṣoṣo kọjá) méjì tí wọ́n dábùú ara wọn wò wọ́n. Àwọ̀ á wá pọ̀, ó ń dùn ún wò, ṣùgbọ́n ó máa ń da kọ̀ǹpútà láàmú. Hóró quartz kan lè funfun, èkejì lè jẹ́ eérú, ẹ̀kẹta lè dúdú kirikiri, quartz sì ni gbogbo wọn. Bí wọ́n ṣe dojú kọ ìmọ́lẹ̀ ló yàtọ̀. Bí o bá yí ègé náà, hóró kọ̀ọ̀kan á ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìwọ̀n igun àádọ́rùn-ún. Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n á ya àwòrán púpọ̀ ní igun oríṣiríṣi láti 0 dé 90, wọ́n á wá mú ìmọ́lẹ̀ tó ga jù tí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní nínú gbogbo wọn. Òkùnkùn ẹ̀tàn á parẹ́. Wọ́n á fi àwòrán tí a yà láìsí polarizer kejì kún un, torí ibẹ̀ ni àwọ̀ gidi ti biotite àti hornblende, àlùmọ́nì dúdú mìíràn, ti ń hàn.

Ẹ̀tàn kejì kò hàn sójú rárá. Ègé náà tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ó ní ìnípọn, àlùmọ́nì tí ìmọ́lẹ̀ kò lè gba inú rẹ̀ kọjá, bíi magnetite, á sì máa ju òjìji sórí ohun tó wà lókè tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí kámẹ́rà ń rí ni ibi tó fẹ̀ jù lára hóró náà, kì í ṣe ojú ibi tí a gé. Bí magnetite bá rí roboto tí ó sì fẹ̀ tó mílímítà kan, àfikún náà kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó yẹ kó jẹ́ lọ. Bó bá jẹ́ 0.1 mílímítà ló fẹ̀, àfikún náà di ìdá márùndínláàádọ́ta: 5% gidi á hàn bíi 7.25%. Nítorí náà, bí magnetite bá ṣe pàtàkì sí ọ, dán ojú ègé náà, kí o sì fi ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà láti òkè yà á.

Àwòrán mi ní mílíọ̀nù méjìlélógún píksẹ́lì. Ṣé mo lè kọ 27.43%?

Rárá o. Àṣìṣe tí mo ń rí jù nínú irú iṣẹ́ yìí nìyí, àní nínú èyí tí wọ́n ti tẹ̀ jáde pàápàá.

Fún kíka ojú-àmì, ìṣirò kan wà tó ti pẹ́: mú ìdá tí o rí, sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún tó yọ ìdá náà kúrò, fi iye ojú-àmì pín in, kí o wá wá gbòǹgbò ìlọ́po méjì rẹ̀. Bí o bá ka ẹgbẹ̀rún kan ojú-àmì tí quartz sì jẹ́ 20%, ìdáhùn jẹ́ nǹkan bíi 1.26. Ìlọ́po méjì rẹ̀, 2.5, ni ìyàtọ̀ tí a máa ń kọ tẹ̀ lé e. Ó dùn mọ́ èèyàn láti fi mílíọ̀nù méjìlélógún sí ipò ẹgbẹ̀rún kan, kí ìyàtọ̀ náà wá di òfo.

Ṣùgbọ́n píksẹ́lì tó wà nínú hóró kan náà kò sọ ohun tuntun fún ọ. Bí o bá ti mọ̀ pé ọ̀kan jẹ́ quartz, ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó yí i ká jẹ́ quartz náà. Hóró ni kí o máa kà. Lórí pẹlẹbẹ wa tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sí mẹ́wàá, hóró tó fẹ̀ tó mílímítà márùn-ún kò lè ju bí irínwó lọ. Fi 400 sínú ìṣirò náà pẹ̀lú 27%: 2.2 ló máa jáde, ìlọ́po méjì rẹ̀ sì jẹ́ 4.4. Ohun tó o lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé quartz wà láàárín 23% sí 31%. Ìdíyelé ni o, kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ òtítọ́ ju nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì lọ.

Bí o bá fẹ́ kí ìyàtọ̀ yẹn kéré sí i, sìkánà tó lágbára jù kò ní ràn ọ́ lọ́wọ́. Gé pẹlẹbẹ méjì sí i láti inú òkúta kan náà. Hóró á di ẹgbẹ̀fà, ìyàtọ̀ á sì di nǹkan bíi 2.6. Fún òkúta tí hóró rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì, ègé maikirosíkóòpù kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkan kan.

Òkúta mi ní ìlà-ìlà. Ṣé ó ṣì ṣeé ṣe?

Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n gé e kí ojú tí o gé dábùú àwọn ìlà náà. Bí o bá gé e kó bá ìlà lọ, o lè bọ́ sínú ìlà dúdú kan kí gbogbo àwòrán rẹ jẹ́ biotite. Jẹ́ kí ìlà púpọ̀ wọ inú àwòrán.

Ṣé ẹ̀rọ onílàákàyè kò ti parí gbogbo èyí?

Ó ràn wá lọ́wọ́, kò parí rẹ̀. Trainable Weka Segmentation tó wà nínú Fiji á jẹ́ kí o fa ìlà díẹ̀ sórí hóró tí o mọ̀, á kọ́ láti ara wọn, á sì pín ìyókù. Ó máa ń ju ààlà lásán lọ, torí ó ń wo bí ojú hóró ṣe rí pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀. Segment Anything tí Meta gbé jáde ní ọdún 2023 máa ń fa etí hóró lọ́nà tó yani lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ ohun tó fa etí rẹ̀. Ìwọ lo máa sọ ọ́.

Ọ̀fìn tó wà níbẹ̀ ni ìdánwò. Àwọn kan máa ń fi píksẹ́lì láti inú àwòrán kan náà kọ́ ẹ̀rọ, wọ́n á tún fi píksẹ́lì yòókù nínú àwòrán yẹn dán an wò, wọ́n á wá kéde pé ó gba 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ti rí ìdáhùn tẹ́lẹ̀ ni. Gbé òkúta mìíràn wá, tí wọ́n gé lọ́jọ́ mìíràn, tí ìwọ fúnra rẹ ti ka ojú-àmì rẹ̀, kí o wá wo iye tí ẹ̀rọ náà gbà. Wò ó pẹ̀lú irú àṣìṣe tó ń ṣe: bó bá ń pe plagioclase ní quartz ní iye tó dọ́gba pẹ̀lú bó ṣe ń pe quartz ní plagioclase, àpapọ̀ lè bára mu kí iṣẹ́ náà sì má dára.

Ẹ̀rọ maikirosíkóòpù ẹlẹ́kítíróónì ńkọ́?

Bí o bá rí i lò, lò ó. Nínú àwòrán BSE rẹ̀, èyí tí ẹlẹ́kítíróónì tó ta padà láti ara òkúta ń yà, ibi tí àwọn átọ́ọ̀mù tó wúwo wà máa ń mọ́lẹ̀ jù, torí náà magnetite àti pyrite á tàn yòò. Ṣùgbọ́n má rò pé o ti bọ́: agbedeméjì nọ́ńbà átọ́ọ̀mù ti quartz jẹ́ 10.8, ti albite, oríṣi plagioclase kan, jẹ́ 10.7. Àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ lójú ẹ̀rọ náà. Ìdí nìyẹn tí irú ẹ̀rọ bíi QEMSCAN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní CSIRO, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba ní Ọsirélíà, fi ń yẹ èròjà kẹ́míkà ibi kọ̀ọ̀kan wò pẹ̀lú ìtànṣán X, dípò kó gbára lé ìmọ́lẹ̀ nìkan.

Ìdá tí mo rí yìí, ṣé ti ìwúwo ni?

Rárá, ti àyè tí ó gbà ni. Ilé ìwádìí tó fi ìtànṣán X yẹ̀ ẹ́ wò sábà máa ń fún ọ ní ti ìwúwo, o kò sì gbọ́dọ̀ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìyí wọn padà. Sọ ìdá kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú bí àlùmọ́nì náà ṣe wúwo sí, kí o sì tún àpapọ̀ rẹ̀ ṣe kó jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Fún quartz, 2.65 ni, fún magnetite, nǹkan bíi 5.2. Òkúta tí magnetite gba 10% àyè inú rẹ̀, tí ìyókù jẹ́ quartz, á ní magnetite tó tó 18% nínú ìwúwo rẹ̀. Fún gíránáìtì, ìyàtọ̀ náà kì í tó nǹkan.

Ṣé mo lè fi ka ihò inú òkúta?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì rọrùn ju àlùmọ́nì lọ. Wọ́n á fi gọ́ọ̀mù epoxy aláwọ̀ búlúù kún inú òkúta náà kí wọ́n tó gé e, gbogbo ibi tó bá jẹ́ búlúù sì ni ihò. Àwọn ihò tó kéré ju píksẹ́lì lọ á bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, nítorí náà má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu bí ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì wọn ihò bá sọ iye tó ju tìrẹ lọ.

Ṣé mo lè fi nọ́ńbà wọ̀nyí sọ òkúta lórúkọ?

Fún àwọn òkúta bíi gíránáìtì, ohun tí wọ́n ń ṣe é fún gan-an nìyẹn. Nínú ìlànà QAPF tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ lágbàáyé, IUGS, fọwọ́ sí, a ó kọ́kọ́ yọ dúdú kúrò, a ó wá sọ quartz, feldspar onípòtásíọ̀mù àti plagioclase di ọgọ́rùn-ún. Nínú àpẹẹrẹ wa, yọ biotite 9 kúrò, 91 ló kù. Quartz á wá di 29.7%, ó sì wà láàárín 20 sí 60 tí gíránáìtì nílò. Plagioclase jẹ́ 26 nínú 64 tí feldspar méjèèjì jẹ́, nǹkan bíi 41%; láti 10 dé 65 ni ti gíránáìtì. Gíránáìtì ni. Ká ní plagioclase ti kọjá 65 láìkọjá 90 ni, granodiorite là bá pè é. Rántí ìyàtọ̀ 4.4 yẹn o: bí nọ́ńbà rẹ bá bọ́ sẹ́bàá ààlà, kọ orúkọ méjèèjì.

Ṣé mo lè lo àwòrán tí ẹlòmíràn ti yà?

Bó bá ní àmì ìwọ̀n lára, tí o mọ bí wọ́n ṣe gé òkúta náà, tí kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ti fi sọ́fítíwíà ṣe lóge. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kù, o lè fi kọ́ bí a ṣe ń lo ImageJ, ṣùgbọ́n má fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìròyìn.